Iná wo ló lè gbé fíríìjì alágbèéká? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń lọ pàgọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra fíríìjì, wọ́n á ra bátìrì tó bá owó wọn mu, ẹ̀yìn tí ẹran bá ti bàjẹ́ ni wọ́n tó máa ń wádìí ohun tó fà á. Ìṣirò ló yẹ kó ṣáájú: iye iná tí fíríìjì ń jẹ lójúmọ́, iye ọjọ́ tí ẹ máa lò kí ẹ tó ráyè ṣáájì, àti wáyà tó máa gbé iná náà dé ìdí fíríìjì.

Níbi tí ẹ bá ti rí W nísàlẹ̀, wáàtì ni. Wh ni àpapọ̀ iná tí nǹkan jẹ láàárín wákàtì mélòó kan: fíríìjì tó jẹ 45 W fún wákàtì méjì ti jẹ 90 Wh. V ni fólítéèjì, A ni ámpíà, Ah sì ni ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára bátìrì. Tí ẹ bá fi V lọ́po Ah, Wh lẹ máa rí.

Ṣé gbogbo fíríìjì alágbèéká ló ń jẹ iná bákan náà?

Rárá. Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà, ìyàtọ̀ wọn sì pọ̀ gan-an.

Èyí tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi fíríìjì ilé. Ó ń jẹ 40 W sí 60 W nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá ti tutù tó, á dákẹ́ títí inú á fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìsinmi yẹn ló ń dá bátìrì sí.

Èkejì ń lo ohun tí Jean Peltier ará Faransé ṣàwárí ní 1834: tí iná bá gba ibi tí irin méjì tó yàtọ̀ síra ti pàdé kọjá, ẹ̀gbẹ́ kan á tutù, èkejì á gbóná. Ó fúyẹ́, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń jẹ 45 W sí 60 W láìsinmi, ó sì lé ní 1,000 Wh lójúmọ́. Kò tún lè tutù ju nǹkan bí 18°C sí 20°C lọ sí ìsàlẹ̀ ooru àyíká. Tí ìta bá wà ní 35°C, inú rẹ̀ kò ní wálẹ̀ ju 15°C lọ, ẹran tútù kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Ẹ fi gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó mọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni onígáàsì, tí Baltzar von Platen àti Carl Munters, ọmọ ilẹ̀ Sweden méjì, gbé jáde ní 1922. Ooru ló fi ń ṣiṣẹ́: iná gáàsì tàbí irin agbóná tó ń lo iná mànàmáná á máa sè ammonia inú páìpù rẹ̀, bí ammonia náà ṣe ń yí ká ló ń mú òtútù wá. Lórí gáàsì, ó dáa púpọ̀. Lórí bátìrì 12 V, nǹkan bí 80 W ló ń jẹ láìdúró, bátìrì 100 Ah tuntun kò sì lè gbé e di ọjọ́ kejì.

Fíríìjì alákọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni a ń sọ láti ibí lọ, àfi ibi tí a bá ti dárúkọ òmíràn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye iná tí tèmi ń jẹ lójúmọ́?

Nọ́ńbà W tó wà lára rẹ̀ kò tíì sọ ọ́. Ìgbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, nígbà tó sì jẹ́ pé iye àkókò tó fi ń ṣiṣẹ́ ló ń pinnu ohun gbogbo. Ní ibi tó tutù, nǹkan bí 20°C, ó lè ṣiṣẹ́ fún ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò. Ní 32°C, ó lè tó 40%. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti pa sínú oòrùn, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sinmi rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi fíríìjì 40 lítà tó ń jẹ 45 W ṣe àpẹẹrẹ. Tó bá ń ṣiṣẹ́ fún 40% àkókò, 18 W ló ń jẹ ní ìpíndọ́gba. Ẹ fi wákàtì 24 lọ́po rẹ̀: 432 Wh lójúmọ́. Nọ́ńbà yìí la máa lò títí dé ìsàlẹ̀.

Ìwọ̀n tí ẹ bá fúnra yín mú ṣe é gbára lé ju àpẹẹrẹ wa lọ. Ẹ ra mítà kékeré tó ń ka Wh, ẹ fi sáàárín bátìrì àti fíríìjì. Ẹ kó nǹkan kún inú fíríìjì, ẹ gbé e sí 4°C, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtì 24 níbi tó gbóná tó ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ kọ ohun tí mítà sọ sílẹ̀ nígbà tí inú fíríìjì kọ́kọ́ tutù tán, kí ẹ lè yọ ọ́ kúrò, torí wákàtì àkọ́kọ́ máa ń jẹ iná ju ìyókù lọ.

Tó bá jẹ́ pé yìnyín lẹ fẹ́, ní −18°C, ẹ múra sílẹ̀ fún ìlọ́po méjì iná yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo wá ni bátìrì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

Ẹ fi iye ọjọ́ tí kò ní sí ṣáájì lọ́po iná ojúmọ́ kan, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Fún ọjọ́ méjì: 432 lọ́nà méjì jẹ́ 864, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, nǹkan bí 950 Wh.

Bátìrì lithium 100 Ah, irú LiFePO4, jẹ́ 12.8 V, nítorí náà 1,280 Wh ló wà nínú rẹ̀. Ẹ lè lo 90% láìsí ìpalára, ìyẹn nǹkan bí 1,150 Wh. Ó tó, ó sì ṣẹ́ kù. Bátìrì olójé 100 Ah ní 1,200 Wh lára ìwé, ṣùgbọ́n ìdajì péré ló yẹ kí ẹ lò, 600 Wh. Kò tó. Ẹ máa nílò méjì, ẹ ó sì gbé nǹkan bí 60 kg.

Lithium àbí bátìrì olójé?

Lithium la máa ń tọ́ka sí fún ẹni tó ń pàgọ́ léraléra. Ẹyọ 100 Ah rẹ̀ jẹ́ 11 kg sí 13 kg, ti AGM, irú bátìrì olójé kan, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 kg. Lithium tó dáa lè gbà ju 2,000 ṣáájì lọ. Olójé tí wọ́n ń lò dé ìdajì nígbà gbogbo kì í ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Tí ẹ bá ń lo olójé kọjá ìdajì, tí ẹ sì fi sílẹ̀ láìṣáájì, iyọ̀ òjé á le mọ́ ara irin inú rẹ̀, bátìrì á sì máa súnkì lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní AGM tó ṣì dára, tó sì ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kò sí ìdí tó fi yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀.

Lithium náà ní ohun tí kò fẹ́. Ẹ má ṣáájì rẹ̀ nígbà tí inú bátìrì fúnra rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ 0°C; lílò rẹ̀ nínú òtútù kò burú, ṣáájì ló ń bà á jẹ́. Ẹ má fi ṣájà àtijọ́ tó ń ti fólítéèjì kọjá 15 V láti tún bátìrì olójé ṣe ṣáájì rẹ̀, 14.2 V sí 14.6 V ló yẹ ẹ́. Ẹ má sì fi fólítéèjì mọ iye iná tó kù nínú rẹ̀, torí ó máa ń dúró sí nǹkan bí 13 V títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó tó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mítà tó ń ka ohun tó wọlé àtohun tó jáde nìkan ló lè sọ òótọ́.

Ṣé bátìrì ọkọ̀ mi kò tó?

Ó tó fún òru kan, tí bátìrì bá lágbára, tí ẹ ó sì wakọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wákàtì mẹ́wàá nínú àpẹẹrẹ wa jẹ́ 180 Wh, ìyẹn 15 Ah. Bátìrì tó ń dáná sí ẹ́ńjìnnì kì í sábà ju 50 Ah sí 70 Ah lọ, wọ́n sì ṣe irin inú rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó lè tú iná púpọ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kì í ṣe irú iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Òru kejì láìwakọ̀, ọkọ̀ lè má dáná mọ́, ẹ sì lè wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí láti ràn yín lọ́wọ́. Bátìrì ọ̀tọ̀ fún fíríìjì ló dáa jù.

Kí ni H, M àti L tó wà lára fíríìjì?

Kò kan bí inú ṣe máa tutù tó. Ìwọ̀n fólítéèjì tí fíríìjì máa fi pa ara rẹ̀ kó má bàa gbẹ bátìrì ni. Lórí H, ó máa ń tètè pa, ní nǹkan bí 11 V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Lórí L, ó máa ń dúró títí dé nǹkan bí 10 V. Nọ́ńbà gan-an yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ẹ wò ó nínú ìwé tó bá fíríìjì wá.

H fún bátìrì tó ń dáná sọ́kọ̀, M fún bátìrì olójé tó dá wà, L fún lithium tó ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ nínú àti fún power station (àpótí bátìrì tó ní ṣájà tirẹ̀ nínú). Ẹ má sì rò pé H ti dáàbò bo bátìrì ọkọ̀ tán. Bátìrì olójé tó kún tó sì ń sinmi máa ń wà ní nǹkan bí 12.7 V, tó bá kù sí 12.1 V, ìdajì ti lọ. Nígbà tó bá fi máa já sí 11 V, ó ti pẹ́ jù.

Bátìrì kún, síbẹ̀ fíríìjì ń sọ pé iná kò tó. Kí ló dé?

Wáyà ni, lọ́pọ̀ ìgbà. A fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ìṣòro wáyà ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ra bátìrì tuntun tí wọn kò nílò.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bátìrì wà níwájú ọkọ̀, fíríìjì wà lẹ́yìn, mítà márùn-ún láàárín wọn. Iná ní láti lọ kó sì padà, nítorí náà mítà mẹ́wàá wáyà ni. Tí wáyà bàbà náà bá jẹ́ 1 mm², bó ṣe sábà máa ń rí ní ihò tí a ń ki ṣájà fóònù bọ̀, nǹkan bí 0.18 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà) ló máa dí iná lọ́nà. Fíríìjì tó ń fa 5 A á pàdánù 0.9 V. Nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá fẹ́ ta, ó lè fa 10 A fún ìgbà díẹ̀, ó di 1.8 V. Bátìrì ní 12.4 V, 10.6 V péré ló dé ìdí fíríìjì. Tó bá wà lórí H, á pa ara rẹ̀. Bó ti pa, kò fa iná mọ́, fólítéèjì á gòkè padà, á tún gbìyànjú, á tún pa. Ẹ ó máa gbọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń ta kìì, tó ń dákẹ́, bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Pẹ̀lú wáyà 6 mm², mítà mẹ́wàá kan náà á dín 0.3 V péré kù nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń ta. Ìṣòro tán.

Láti mọ̀ bóyá wáyà ni: ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ṣiṣẹ́, ẹ fi mítà wọn fólítéèjì lórí bátìrì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n níbi tí wáyà ti wọ fíríìjì. Tí ìyàtọ̀ bá ju 0.5 V lọ, ẹ má tíì náwó sí bátìrì. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò bá ṣiṣẹ́, ìdíwọ̀n náà kò ní sọ nǹkan kan fún yín, torí wáyà burúkú kì í fi ara rẹ̀ hàn nígbà tí iná kò bá gbà á kọjá.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ fa wáyà bàbà 6 mm² méjì, pupa àti dúdú, láti bátìrì tààrà dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ fi fíúsì 15 A tàbí 20 A sára pupa, kó má jìnnà ju 30 cm lọ sí bátìrì, torí wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan. Tí abẹ irin bá gé e, ọkọ̀ lè jó. Ẹ wo inú wáyà kí ẹ tó sanwó: ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú fọ́nrán kan. Tí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n kùn ní bàbà ni, ó sì máa ń dí iná lọ́nà ju bàbà gidi lọ.

Orí pílọ́ọ̀gì roboto tó ń wọ ihò ọkọ̀ náà máa ń fa wàhálà. Sípíríǹgì kékeré ló ń ti ẹnu rẹ̀ mọ́ ìdí ihò, bí ọkọ̀ bá sì ti ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọwọ́ kàn án. Kó lọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Tó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Pílọ́ọ̀gì Anderson 50 A, tí irin méjèèjì rẹ̀ ń há mọ́ra, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Power station ńkọ́?

Ó rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ fa wáyà: bátìrì, ṣájà àti ínfátà (tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé) ló wà pọ̀ nínú àpótí kan. Wh tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe W. Èyí tó jẹ́ 500 Wh á fún yín ní nǹkan bí 440 Wh lójú iṣẹ́, ìyẹn ọjọ́ kan nínú àpẹẹrẹ wa.

Ihò 12 V rẹ̀ ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá ki fíríìjì bọ ihò iná ilé, ínfátà á máa jẹ 10 W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kódà nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń sinmi. 10 W fún wákàtì 24 jẹ́ 240 Wh, ó ju ìdajì oúnjẹ fíríìjì lọ, òfo sì ni.

Àwọn kan nínú wọn máa ń pa ara wọn tí iná tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ wọn bá kéré. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á sinmi, àpótí á rò pé kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, á pa, kò sì ní tan padà. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa ètò ìpamọ́ iná náà nínú sẹ́tín-ìn rẹ̀, kí ẹ sì dán an wò nílé fún òru kan gbáko kí ẹ tó gbọ́kàn lé e.

Ṣé báńkì iná tí mo fi ń ṣáájì fóònù lè gbé e?

Rárá. Ẹyọ 20,000 mAh, ìyẹn 20 Ah, jẹ́ 74 Wh, torí 3.7 V ni bátìrì inú rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní fólítéèjì rẹ̀ bá a mu, kò ju wákàtì mẹ́rin lọ.

Páńẹ́ẹ̀lì sólà tó tóbi tó mélòó ni?

150 W sí 200 W fún 432 Wh lójúmọ́. Páńẹ́ẹ̀lì 100 W kì í fún èèyàn ní 100 W. Ooru, eruku àti bí oòrùn ṣe yẹ̀ á mú un wá sí 65 W sí 75 W. Pẹ̀lú wákàtì márùn-ún oòrùn tó mú dáadáa, ó jẹ́ nǹkan bí 350 Wh. Kò tó, ọjọ́ tí òjò bá sì ṣú, kò ní sún mọ́ ọn rárá.

Òjìji ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀ka igi kan tó bo igun páńẹ́ẹ̀lì lè gba iná tó pọ̀ ju ibi tó bò lọ, torí àwọn ẹyọ inú rẹ̀ so kọ́ra wọn ní ìlà. Ẹ ra èyí tó ń ká, tó ní wáyà gígùn, kí páńẹ́ẹ̀lì wà nínú oòrùn, kí fíríìjì wà lábẹ́ igi. Ẹ máa yí i tẹ̀ lé oòrùn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́.

Ẹ má so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ fíríìjì tààrà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 12 V máa ń dé 22 V nígbà tí nǹkan kan kò bá fa iná lára rẹ̀, ìkùukùu kékeré tó bá sì kọjá á pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Kọ̀ǹtírólà, ẹ̀rọ tó ń ṣètò iná tó ń ti páńẹ́ẹ̀lì wọ bátìrì, gbọ́dọ̀ wà láàárín, bátìrì náà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Irú kọ̀ǹtírólà tí wọ́n ń pè ní MPPT ń rí iná gbà ju èyí tí wọ́n ń pè ní PWM lọ lára páńẹ́ẹ̀lì kan náà. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọ̀ǹtírólà, kí páńẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ bá ń tú u, páńẹ́ẹ̀lì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò.

Mo máa ń wakọ̀ lójoojúmọ́. Ṣé mo ṣì nílò sólà?

Bóyá ni. Ṣájà DC-DC 20 A tí wọ́n so mọ́ bátìrì ọkọ̀ láti máa ṣáájì bátìrì fíríìjì ń fúnni ní nǹkan bí 250 W bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Wákàtì méjì lójú ọ̀nà ti san gbèsè ojúmọ́ kan. Ẹ má kàn so bátìrì méjèèjì pọ̀ láìsí ṣájà yìí: alternator ọkọ̀ tuntun (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nídìí ẹ́ńjìnnì) máa ń dín fólítéèjì rẹ̀ kù láti fi dá epo sí, bátìrì kejì kò sì ní kún; lithium tó ti gbẹ náà lè fa iná púpọ̀ débi tí alternator á fi gbóná jù.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Èyí tó kéré, 1,000 W, pọ̀ ju ohun tí fíríìjì nílò lọ, nítorí náà bátìrì ni kí ẹ fi ṣáájì fún wákàtì méjì, kí ẹ sì pa á. Ìta gbangba ni kó wà, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí àgọ́, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí àwọn èèyàn ń sùn. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Nígbà wo ni onígáàsì dára jù?

Tí ẹ bá fẹ́ jókòó sí ojú kan fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láìwakọ̀, tí sólà kò sì ṣe é gbára lé. Fíríìjì 40 lítà ń jẹ nǹkan bí 250 g gáàsì lójúmọ́, sìlíńdà 3 kg á sì tó ọjọ́ méjìlá. Kò ní ariwo rárá. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni kí ẹ gbé e sí, torí bó bá dagun, ammonia kò ní lè ṣàn padà, òtútù á sì dáwọ́ dúró. Ẹ má tan gáàsì rẹ̀ nínú àgọ́ tàbí nínú ọkọ̀. Níbi tó bá tutù bíi yìnyín, gáàsì propane ni kí ẹ rà: gáàsì butane kì í di afẹ́fẹ́ mọ́ ní nǹkan bí 0°C, propane ń ṣiṣẹ́ títí dé −42°C.

Kí ni mo lè ṣe kí iná tó ń jẹ dín kù?

Ẹ jẹ́ kó tutù tán lórí iná ilé kí ẹ tó kúrò, kí nǹkan tí ẹ ń kó sínú rẹ̀ náà ti tutù. Ẹ fi àlàfo 10 cm sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń jáde; ẹ̀wù tí wọ́n jù sórí ihò yẹn máa ń mú kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ láìsinmi. 4°C tó fún oúnjẹ. Ẹ má sì fi àyè òfìfo sílẹ̀ nínú rẹ̀, ìgò omi tútù á dí i.

Oògùn insulin ló máa wà nínú fíríìjì mi. Kí ni kí n fi kún un?

Orísun iná méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Insulin tí wọn kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C àti 8°C, tó bá sì ti dì, kò ṣe é lò mọ́ bó tilẹ̀ yọ́ padà. Ẹ gbé fíríìjì sí 5°C, ẹ má jẹ́ kí oògùn kan ògiri inú rẹ̀, ibẹ̀ ló tutù jù. Ẹ fi tẹmómítà ọ̀tọ̀ tó ń rántí ìwọ̀n tó kéré jù àti èyí tó ga jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn náà, kí ẹ sì máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, torí nọ́ńbà tó wà lójú fíríìjì ń sọ ti ibi tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà nìkan.